Bí Ẹ Ṣe Lè Dín Owó Epo Mọ́tò Yín Kù, Láti Ìkòròdú Dé Mile 12

Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, gbogbo ẹni tó ń wa mọ́tò láti Ìkòròdú lọ síbi iṣẹ́ ló mọ ohun tí ojú òun ń rí. Epo tí a ń rà ní Èkó tẹ́lẹ̀, tí lítà kan kò tó igba náírà, di 488 láàárín ọjọ́ díẹ̀, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. A ò lè bá ilé epo ná an. Inú mọ́tò tiwa nìkan ni agbára wa mọ, ibẹ̀ ni kí a sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ iye tó ń jẹ

Epo ẹgbẹ̀rún márùn-ún, epo ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá: bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń rà á nìyẹn. Owó là ń kà, a kì í ka lítà, nítorí náà mọ́tò lè máa jẹ àjẹjù fún ọdún kan gbáko kí a má fura.

Ẹ rọ epo kún táńkì títí ẹnu ẹ̀rọ yóò fi dá dúró fúnra rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n tún fi díẹ̀ lé e. Ẹ kọ kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sínú ìwé kékeré. Ẹ máa wà á bí ẹ ṣe ń wà á. Nígbà tí epo bá ń lọ sílẹ̀, ẹ padà sí ilé epo kan náà, ẹ rọ ọ́ kún bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ kọ iye lítà tó wọlé àti kìlómítà tuntun. Ẹ wá fi iye lítà náà pín kìlómítà tí ẹ rìn.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe tèmi, kìlómítà 288 ni mo rìn, lítà 36 ló wọlé. Kìlómítà 8 ni lítà kan ń gbé mi. Ó dùn mí gan-an.

Afẹ́fẹ́ táyà

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí mọ́tò tó rìn, torí pé bí táyà bá ti gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á ti wú, nọ́ńbà tí géèjì bá sọ kò ní jẹ́ òótọ́. Iye tó yẹ wà lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀. Láàárín 30 sí 35 PSI ló máa ń wà fún ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré. Nọ́ńbà tó wà lára táyà fúnra rẹ̀ kọ́ o, òpin ohun tí táyà náà lè gbà nìyẹn. Bí fọganáísà bá kàn fi ẹsẹ̀ ta táyà tó ní ó ti tó, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó fi géèjì wò ó.

Ẹsẹ̀ yín

Ẹ wo sún kẹrẹ fà kẹrẹ tó máa ń wà láti Owódé Onírin dé Mile 12. Àyè kékeré kan á ṣí sílẹ̀ níwájú, awakọ̀ á tẹ mọ́tò fìì, kò tíì rìn tó mítà ogún tó ti tún tẹ búrèkì. Gbogbo epo tó fi sáré yẹn, búrèkì ti sọ ọ́ di ooru lásán. Ìwádìí iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ agbára ní ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé irú ìwàkuwà báyìí lè fi ìdá 10 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ṣòfò nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ. Ẹ jẹ́ kí àyè wà níwájú yín, kí ẹ máa yí lọ díẹ̀díẹ̀. Dánfó á wọ àyè náà, mo mọ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí afárá Májídùn, ẹ má fi mọ́tò sí niútírà pé ẹ fẹ́ ṣọ́ epo. Mọ́tò òde òní tó ní kọ̀ǹpútà máa ń dá epo dúró bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kúrò tí jíà ṣì wà nílẹ̀. Ní niútírà, ó gbọ́dọ̀ máa fa epo kí ẹ́ńjìnì má bàa kú, ìjánu mọ́tò náà á sì dínkù lọ́wọ́ yín.

Thermostat: ẹ fara balẹ̀ síbí

Òun ló ń jẹ epo mi jù, n kò sì mọ̀. Nǹkan róbótó tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni, ó ní sípíríǹgì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dí ọ̀nà omi títí ẹ́ńjìnì yóò fi gbóná tó, kó tó ṣí. Bí mọ́tò bá ti ń gbóná jù, àwọn mẹkáníìkì kan á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ilẹ̀ tiwa gbóná, a ò nílò rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ṣe tèmi nìyẹn láìsọ fún mi. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà mọ́tò gbà pé ẹ́ńjìnì ṣì tutù, ó sì ń tú epo sí i bíi pé òwúrọ̀ ni ní gbogbo ìgbà.

Ẹ yẹ tiyín wò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójú ọ̀nà, ó yẹ kí ọwọ́ géèjì ooru ti dé nǹkan bí àárín kó sì dúró síbẹ̀. Bó bá ń jábọ́ nígbà tí ẹ bá ń sáré lójú ọ̀nà tó dán, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti yọ ọ́, tàbí kó ti bàjẹ́ sí ṣíṣí. Kí wọ́n tó de tuntun mọ́ ọn, mo so ó mọ́ okùn nínú ìkòkò omi lórí iná, mo ń wò ó. Omi náà ti fẹ́ hó kí àárín rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra sókè jẹ́jẹ́. Mo gbé e jáde, ó padé. Ojúlówó ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ rédíétọ̀ àti fáànù wò pẹ̀lú, torí ohun tó ń mú mọ́tò gbóná nígbà náà lè ṣì wà níbẹ̀.

Ìyókù kò gùn. Ẹ kó ẹrù tí kò wúlò kúrò nínú bọ́ọ̀tù. Ọ́ìlì tí ìwé mọ́tò bá dárúkọ ni kí ẹ rà, èyí tó ki jù ń mú ẹ́ńjìnì làágùn. Bí ẹ bá dé ilé, ẹ sún ọwọ́ mọ́ àárín táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tí ooru rẹ̀ bá yàtọ̀ sí ti ìyókù, búrèkì rẹ̀ lè ti há. Ọjọ́ tí ẹ bá sì ń lọ Ìsàlẹ̀ Èkó nìkan, ọkọ̀ ojú omi wà ní èbúté Ìpakodò, bọ́ọ̀sì BRT tó ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ dé Mile 12 sì wà láti ọdún 2015.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ tún rọ epo kún, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tèmi ti di kìlómítà 10 fún lítà kan. Mo kọ ọ́ sábẹ́ 8 nínú ìwé náà, mo sì kọ ọjọ́ rẹ̀ sí i.