Bí chain bá dá yín dúró lẹ́nu ilé tí ẹ fẹ́ rà ní England

Chain ni ọ̀wọ́ àwọn tó ń ra ilé tí wọ́n sì ń tà, tí ọ̀kan kò lè kó lọ àfi tí èkejì bá ṣe tán. Ní England, onílé lè gba iye tí ẹ dá lé ilé rẹ̀ lónìí, kó yí ohùn padà lóṣù tó ń bọ̀, òfin ò sì ní mú un. Scotland ní ìlànà tiwọn. Ọjọ́ tí àwọn lọ́yà bá ṣe exchange, tí wọ́n pààrọ̀ ìwé àdéhùn, tí owó àsansílẹ̀ yín sì ti wọlé (ìdá 10 nínú 100 ló sábà máa ń jẹ́), ìgbà yẹn ni òfin tó de ẹ̀yin méjèèjì. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, ẹ má so nǹkan kan mọ́ déètì tí éjẹ́ǹtì bá dá fún yín. Ẹ má fún lánlọ́ọ̀dù ní nótíìsì, ẹ má sì sanwó ọkọ̀ tó máa kó ẹrù.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń ra ilé ní Chatham, a ò ní ilé tí a fẹ́ tà, torí náà àwa la wà nísàlẹ̀ chain. Tọkọtaya tó ń tà fún wa ń ra ilé bàbá àgbàlagbà kan. Bàbá náà ń ra fúláàtì tí ẹni tó ni ín ti kú, àwọn ọmọ olóògbé ò sì tíì gba probate, ìwé àṣẹ tí wọ́n fi ń bójú tó ogún. Ìwé kan ṣoṣo yẹn ni gbogbo wa jókòó tì.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí ọ̀rọ̀ ti há. Tí ẹ bá bi éjẹ́ǹtì pé “Ibo la dé?”, “A ṣì wà lórí ẹ̀” ló máa sọ. Ẹ bi í pé: ilé mélòó ló wà nínú chain? Ta ló wà lókè pátápátá? Mọ́gééjì ta ni, owó tí báńkì ń yáni láti fi ra ilé, ni kò tíì jáde? Ìbéèrè lọ́yà wo ni wọn ò tíì dáhùn? Lọ́yà yín ò lè ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, torí lọ́yà ẹni tó ń tà fún yín nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn éjẹ́ǹtì ló máa ń pe ara wọn láti ìsàlẹ̀ dókè, owó wọn kì í sì í sábà wọlé àfi tí títà bá parí. Ẹ máa pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́.

Ibi tí àwa Yorùbá ti lè di ẹni tó ń dá chain dúró ni owó. Òfin tó ń gbógun ti owó àìmọ́ sọ ọ́ di dandan fún lọ́yà láti mọ ibi tí owó yín ti wá, àjọ sì máa ń rú wọn lójú. Nígbà tí mo kó àjọ, £6,000 wọ àkáǹtì mi lẹ́ẹ̀kan náà. Mo kọ lẹ́tà ojú ewé kan: ẹni tó ń gba àjọ, oṣù tí a bẹ̀rẹ̀, iye tí mo ń dá, oṣù tó kàn mí. Mo fi sítétímẹ́ǹtì báńkì tó fi £500 hàn bó ṣe ń jáde lóṣooṣù tì í. Alájọ wa náà kọ tirẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Lọ́yà ò tún béèrè nǹkan kan. Tó bá jẹ́ òbí yín nílé ló fún yín lówó, wọ́n á kọ̀wé pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe ẹ̀yáwó, àti pé àwọn ò ní ìpín nínú ilé. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n tà, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ilẹ̀ náà ránṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti kó gbogbo rẹ̀ jọ.

Ẹ wo ọjọ́ tí ìwé mọ́gééjì yín máa kásẹ̀ nílẹ̀, oṣù 3 sí 6 ló sábà máa ń lò. Bó bá ku oṣù kan, ẹ pe báńkì, kí ẹ bẹ̀ wọ́n fún àfikún àkókò. Ẹ má pààrọ̀ iṣẹ́, ẹ má sì fi gbèsè ra mọ́tò lásìkò yìí. Ìdádúró ń jẹ owó ní ọ̀nà mìíràn pẹ̀lú: lẹ́yìn 31 March 2025, ẹni tó ń ra ilé àkọ́kọ́ rẹ̀ ní £425,000 bẹ̀rẹ̀ sí í san £6,250 fún stamp duty, owó orí tí ìjọba ń gbà lórí ilé rírà, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ kan ò sí lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ completion, tí ẹ san owó tó kù tí ẹ sì gba kọ́kọ́rọ́, ni ìjọba ń wò, wọn ò wo ẹni tó fa ìdádúró.

Bó bá jẹ́ òkè pátápátá ni kò lọ, ẹ jẹ́ kí éjẹ́ǹtì bi ẹni tó ń tà fún yín bóyá ó lè kó jáde, kó gbé ibòmíràn fúngbà díẹ̀. Ohun tó yọ wá nìyẹn. Tọkọtaya yẹn kó lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyàwó ní Gillingham, àwa gba kọ́kọ́rọ́, wọ́n wá ń dúró de probate láti ibẹ̀. A bá wọn dá sí owó ibi tí wọ́n kó ẹrù sí, inú wa sì dùn láti ṣe é.

Kí ẹ tó fi owó àsansílẹ̀ ránṣẹ́, ẹ pe lọ́yà lórí nọ́ńbà tó wà nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, kí ó ka nọ́ńbà àkáǹtì fún yín. Àwọn ọlọ́ṣà máa ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àkáǹtì ti yí padà. Ọjọ́ exchange náà ni kí ẹ ra ìnṣọ́ránsì ilé, ẹ má dúró di ọjọ́ kọ́kọ́rọ́, torí bí iná bá jó o láàárín, ọrùn yín ló sábà máa ń wà.