Bá a ṣe fa káráfáànù lọ sétí òkun Hunstanton

Báǹkì họ́lídè, ìyẹn ọjọ́ ìsinmi ìjọba, tó máa ń kẹ́yìn oṣù August nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí la lò, èmi, Ìyá Ìbejì, ọkọ ẹ̀ àti àwọn ìbejì wọn, pẹ̀lú àǹtí kan tá a jọ ń ṣe ìpàdé. A háyà káráfáànù, ìyẹn ilé kékeré onítáyà tó ní bẹ́ẹ̀dì nínú, a so ó mọ́ mọ́tò, ó di London sí Hunstanton létí òkun Norfolk. Ọ̀pọ̀ ti ń bi mí pé báwo la ṣe ṣe é, ó yá, ẹ gbọ́.

Láìsẹ́ǹsì mọ́tò lásán tó. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá gba tiẹ̀ láti 1997 wá gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò míì kó tó fa káráfáànù ńlá, àmọ́ wọ́n ti fagi lé ìyẹn láti December 2021, èèyàn lè fa ohun tó tó 3,500 kílò, ìyẹn tí mọ́tò ẹ̀ bá lágbára ẹ̀ o. Ẹ wo ìwé mọ́tò yín dáadáa.

Ẹrù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, Ìyá Ìbejì ti di kúlà ńláńlá, iṣu, gàrí, ata tó ti lọ̀ tó sì ti dín, ìkòkò tí wọ́n lè fi ṣe ìsọmọlórúkọ, ó sì fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó wà lẹ́yìn pátápátá. Mo ní "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó o síbẹ̀." Ohun tó bá wúwo, nílẹ̀ láàárín ló ń gbé, níbi tí táyà wà, torí tí ẹ̀yìn bá wúwo jù, iwájú á fúyẹ́, tẹ́ ẹ bá ti wá sáré díẹ̀ tàbí tí tírélà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín báyìí, káráfáànù á bẹ̀rẹ̀ sí í jù bí ìrù ajá, á sì máa gbé mọ́tò yín kiri. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má tẹ búréèkì gbì, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, kẹ́ ẹ di sítíà mú ṣinṣin títí á fi balẹ̀.

A so ó tán, a fi wáyà tó máa fa búréèkì káráfáànù tó bá já kúrò kọ́ ẹ̀yìn mọ́tò, a yẹ iná ẹ̀yìn wò, a fi dígí kún dígí ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà mọ́tò sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn káráfáànù náà. Ọ̀nà M11 la gbà, lẹ́yìn náà A10, lẹ́yìn náà A149. 60 máìlì ní wákàtí kan ni wọ́n fàyè gbà ní mọtowé, 50 lójú ọ̀nà tí kò pín sí méjì, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ jókòó nínú ẹ̀ tó bá ń lọ, àǹtí tó fẹ́ lọ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì bínú díẹ̀ ṣá.

Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí ilẹ̀ ẹ̀ tẹ́jú. Ẹsẹ̀ irin tó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kì í ṣe jáàkì o, kó má máa mì ni wọ́n fi síbẹ̀. Iná ibi tá a dé, ámpù 10 ni, ìyẹn ò ju 2,300 wọ́ọ̀tì lọ, kẹ́tù ilé tó ń jẹ 3,000 lè já a, torí náà kẹ́tù kékeré la gbé dání, gáàsì la sì fi se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù. Súyà, ìta la ti yan án. Ọkọ Ìyá Ìbejì fẹ́ gbé ààrò èédú sábẹ́ tẹ́ǹtì ìta nítorí òtútù alẹ́, mo kọ̀ jálẹ̀: èédú tó jọ pé ó ti kú ṣì ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn, ó sì máa ń pa èèyàn lójú oorun.

Omi, inú àgbá roboto tó gba 40 lítà la ń pọn ọ́n sí, ẹ yí i nílẹ̀ bọ̀, ó rọrùn. Ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni kò dùn, àpótí kan wà lábẹ́ ẹ̀ tẹ́ ẹ máa fà yọ lọ dà níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀. Àǹtí ní òun máa fọ abọ́ gbogbo wa tá a bá ti yọ òun kúrò nínú ìyẹn, a gbà.

Òkun yẹn dáa jàre. Ìlà oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Norfolk wà, síbẹ̀ ìwọ̀ oòrùn ni Hunstanton kọjú sí, ẹ máa rí oòrùn tó ń wọ inú omi. Òkè etí òkun ẹ̀ ní ìlà pupa àti funfun, kí ẹ má jókòó sábẹ́ ẹ̀ torí òkúta máa ń já bọ́. Omi máa ń fà jìnnà tó bá fà, àwọn ìbejì sáré títí wọ́n fi rẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ẹ wo àkókò tó máa padà kẹ́ ẹ tó jẹ́ kọ́mọdé lọ jìnnà.

Mọ́ńdè, àárọ̀ kùtùkùtù la ti gáàsì pa, a ti fèrèsé òrùlé, a sì kúrò kí A149 tó dí.