Bí a ṣe ń fi omi ìwẹ̀ bọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé

Kòtò kan la ó gbẹ́, a ó kó igi àti ewé kún un, a ó gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ yí i ká, omi á sì máa gba páìpù ṣàn wọ inú rẹ̀. Omi ìwẹ̀ àti omi ìfọṣọ nìkan ni kòtò yìí wà fún. Omi ṣáláńgá àti omi tí a fi fọ ìlédìí ọmọ kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Omi abọ́ náà, ẹ yà á sọ́tọ̀, torí epo inú rẹ̀ á dí ilẹ̀. Ilé ẹlẹ́ni márùn-ún tó ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì wẹ̀ á máa da nǹkan bí 100 lítà nù lóòjọ́. Kòtò kan gbà á.

Ẹ wá ibi tó rẹlẹ̀ ju ilé ìwẹ̀ lọ, tó jìnnà sí kànga tó 30 mítà. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré tó jìn ní 30 sẹ̀ǹtímítà, ẹ pọn omi kún un, ẹ jẹ́ kó fà tán, kí ẹ tún pọn ọ̀tun sí i. Bí ọ̀tun yìí kò bá fà tó ínṣì kan láàárín wákàtí kan, amọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn. Àkùrọ̀ kò ṣeé lò.

Kòtò á fẹ̀ ní mítà 2, àárín rẹ̀ á jìn ní mítà 1, bí abọ́. Ẹ fi erùpẹ̀ rẹ̀ mọ ebè yí i ká. Páìpù oníínṣì 2 ló tó. Kó máa fi sẹ̀ǹtímítà 2 rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ta àwọ̀n sí ẹnu rẹ̀ nílé ìwẹ̀ kí irun má bàa dí i. Àkísà àwọ̀n ẹ̀fọn ṣe é.

Ohun tí a fi kún kòtò ló máa ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn kan á rẹ́ sìmẹ́ńtì sísàlẹ̀: omi ò ní fà mọ́, ó ti di ọ̀gọ̀dọ̀ nìyẹn. Àwọn kan á da iyanrìn kún un, ìdọ̀tí ọṣẹ á sì dí i. Àwọn tó burú jù ni àwọn tó fi í sílẹ̀ gbayawu: láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, ẹyin ẹ̀fọn ti di ẹ̀fọn.

Ìtì igi ni kó kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn náà ẹ̀ka, lẹ́yìn náà pòpórò àgbàdo, koríko gbígbẹ àti ewé, títí yóò fi ga ju ilẹ̀ lọ ní 50 sẹ̀ǹtímítà. Èèpo pákó ọ̀dọ̀ káfíńtà dára, ọ̀fẹ́ sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Abẹ́ ewé ni ẹnu páìpù á wà. Ohun tí ẹ kó sínú kòtò máa ń jìn wọlé bó bá ti ń jẹrà. Ẹ máa kún un lóṣooṣù. Níbi tí ojú bá ti rí omi, ewé ò tíì tó.

Ọmọ àgbagbà márùn-ún tó fún orí ebè. Ẹ má gbin tẹ̀tẹ̀ tàbí ewédú síbẹ̀.

Ẹ má fi omi yìí pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù. Bó bá sùn mọ́jú, òórùn dé. Hypo á pa àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jẹ ìdọ̀tí inú kòtò, nítorí náà ọjọ́ tí ẹ bá fi fọṣọ, ẹ da omi rẹ̀ síbòmíràn. Ọṣẹ dúdú ló bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ mu jù: eérú tí wọ́n fi sè é ní potassium, èròjà kan tó ń bọ́ ohun ọ̀gbìn, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì fẹ́ràn rẹ̀.

Bí ẹ bá ti gé odidi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tán, ẹ gé igi rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ, kí ẹ dà á padà sínú kòtò.