Bí Mo Ṣe Fi Èrò Òǹkàwé Mẹ́jọ Wá Ibi Tí Ìtàn Ìfẹ́ Kan Ti Ń Purọ́

Ìwé náà jẹ́ ojú ewé 312, orí 34. Obìnrin kan tó ń ṣe ògbufọ̀ ní kóòtù gbọ́ ohun tí kò yẹ kó gbọ́. Apànìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dọdẹ rẹ̀, wọ́n yan ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ kan pé kó máa ṣọ́ ọ, ìfẹ́ sì wọ àárín àwọn méjèèjì láàárín ọjọ́ márùn-ún. Òǹkọ̀wé ti kọ ọ́ tán, ṣùgbọ́n kò tíì gbé e lọ tẹ̀. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló gbé lé mi lọ́wọ́: kí n mọ̀ bóyá òǹkàwé á gbà á gbọ́, kí n sì fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tó bá ti wọ́. Ọ̀sẹ̀ méje ló gbà mí.

Ènìyàn mẹ́jọ ni mo wá. Mẹ́ta nínú wọn kì í fi irú ìtàn yìí sílẹ̀ lọ́wọ́. Mẹ́ta fẹ́ràn ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ìtàn ìfẹ́ kọ́ ni wọ́n ń kà. Ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ ní ẹ̀ka pàjáwìrì, ọ̀kan yòókù sì ti ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ fẹ̀yìn tì. Ó yẹ kí wọ́n dàpọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí irú ìtàn yìí ti mọ́ lára máa ń dárí ji òǹkọ̀wé kó tó ṣẹ̀, torí wọ́n ti mọ̀ pé dandan ni kí àwọn méjèèjì fẹ́ra ní ìparí. Àwọn tí kò mọ́ lára ní tiwọn lè ka ìfẹ́ fúnra rẹ̀ sí àṣìṣe.

Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́?" Ẹni tí a bá bi ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ á di agbẹjọ́rò lójú ẹsẹ̀, ẹ̀rí ni á máa wá, kò ní í kàwé mọ́. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé kí wọ́n mú pẹ́ńsù dání. Níbikíbi tí ọkàn wọn bá ti jáde kúrò nínú ìtàn, kí wọ́n fa ìlà kan sí etí ìwé. Bó bá jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n dáwọ́ kíkà dúró, kí wọ́n fa méjì. Wọn ò ní láti ṣàlàyé. Kí wọ́n kọ ojú ewé tí wọ́n bá ti gbé ìwé sílẹ̀ lọ sùn sí ẹ̀yìn ìwé, kí wọ́n má sì bá ara wọn sọ ohunkóhun nípa rẹ̀ títí gbogbo wọn á fi kà á tán.

Ẹ̀yìn tí wọ́n kà á tán ni mo tó béèrè nǹkan mẹ́ta. Ta ni o fura sí, láti ojú ewé wo? Kí ló dé tí àwọn méjèèjì fi fẹ́ràn ara wọn, láìdárúkọ ẹwà? Kí ni obìnrin náà lọ ṣe nínú ilé inú igbó ní orí 21? Ìbéèrè kẹta yìí ló wúlò jù. Òǹkàwé tí kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí tí ẹ̀dá ìtàn fi ṣe nǹkan, kò rí ìdí náà nínú ìwé ni, bó ti wù kó dá òǹkọ̀wé lójú tó pé òun kọ ọ́ síbẹ̀.

Mo wá fa tébù sórí ìwé fífẹ̀ kan: ojú ewé mẹ́wàá-mẹ́wàá lọ sísàlẹ̀, òǹkàwé mẹ́jọ lọ sí ẹ̀gbẹ́. Ìlà 74 ni gbogbo wọn fà. Èyí tó dá dúró, mo fi í sílẹ̀. Ibi tí èèyàn mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti fa ìlà láàárín ojú ewé mẹ́wàá, mo kà á sí egbò tó ń fẹ́ ìtọ́jú. Ìlà nọ́ọ̀sì àti ti ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nìkan ni mo kó sọ́tọ̀, kódà nígbà tí wọ́n bá dá wà.

Àṣìṣe ìmọ̀ ló rọrùn jù láti tún ṣe. Nọ́ọ̀sì fa ìlà méjì sí ojú ewé 118, níbi tí ọta ìbọn ti wọ èjìká ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, tí òun náà sì ń fo ògiri lọ́jọ́ kejì. Iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá tó ń lọ sí apá gba abẹ́ eegun tó so igbá àyà mọ́ èjìká kọjá, àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí ọwọ́ gbọ́ ti ọpọlọ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọta bá já ti àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè dà títí tí ẹ̀mí á fi bọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Bó bá já ti èkejì, apá lè rọ pátápátá. Ojú ewé 44 náà kò bọ́ sí i: wọ́n fi aṣọ tí wọ́n rẹ sínú chloroform, oògùn olómi tó ń múni sùn, bo imú obìnrin náà, ó sì dákú kó tó mí lẹ́ẹ̀kẹta. Ní tòótọ́, ó máa ń gba bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹni náà á sì máa jà. Ìbọn tí wọ́n dé nǹkan mọ́ lẹ́nu kì í dún bí ìgbà tí èèyàn wúkọ́. Ariwo ìbọn wà láàárín 140 sí 165 dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń wọn ariwo, ohun tí wọ́n dé mọ́ ọn kò sì lè mú ju 20 sí 35 kúrò níbẹ̀. Aládùúgbò á gbọ́.

Òǹkàwé méje yòókù kọjá lórí gbogbo ìwọ̀nyí láìfa ìlà kankan. Síbẹ̀, mo ní kí òǹkọ̀wé tún wọn ṣe, torí pé egbò tó bá ń dun ẹ̀dá ìtàn pẹ́ máa ń ran ìyókù ìwé lọ́wọ́. Ó gbé ọta náà kúrò ní èjìká lọ sí ẹran apá lódìkejì, ó sì jẹ́ kí ọwọ́ yẹn má lè di bọ́tìnnì fún orí márùn-ún gbáko. Obìnrin náà ló ń bá a dì í. Mi ò mọ̀ nígbà yẹn bí bọ́tìnnì yẹn á ṣe wúlò tó.

Òótọ́ tó jọ irọ́ ló ṣòro jù lọ nínú ẹ̀ka yìí. Ní ojú ewé 87, apànìyàn pe fóònù, ó pa á lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, àwọn ọlọ́pàá sì mọ agbègbè tó ti pè. Òǹkàwé márùn-ún fa ìlà síbẹ̀. Fíìmù ti kọ́ wa pé ó di dandan kí wọ́n dá olùpè dúró sórí fóònù fún ìgbà pípẹ́. Ìgbà tí òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ tọ wáyà láti ilé-iṣẹ́ fóònù kan dé òmíràn ni ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí, bí ìpè bá ti wọlé báyìí, nọ́ńbà àti òpó tó gbé e ti wà lákọsílẹ̀. Agbègbè ni òpó yẹn ń fi hàn ṣá, kì í ṣe ẹnu ọ̀nà: ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan nínú ìlú, kìlómítà mélòó kan ní ìgbèríko. Aristotle, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gíríìsì, ti sọ ọ́ láti ayé àtijọ́ pé ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ tó jọ òótọ́ sàn fún òǹkọ̀wé ju ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò jọ òótọ́. A ò pa òótọ́ náà rẹ́. Ńṣe la fi iyèméjì òǹkàwé sí ẹnu obìnrin náà:

"Ẹ ò dá a dúró pẹ́ tó!"

"Kò pọn dandan kó pẹ́, mà. Bó ti wọlé ló ti fi ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ló kàn tóbi tó àdúgbò mẹ́ta."

Gbólóhùn mélòó kan péré, iyèméjì sì lọ.

Ká wá dé orí 21, níbi tí òǹkàwé méje nínú mẹ́jọ ti fa ìlà. Obìnrin náà wọ ilé inú igbó lóru, òun nìkan. Gbogbo wọn ló ń béèrè ohun kan náà: kí ló dé tí kò pe ọlọ́pàá? Níbí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Mo ní kí òǹkọ̀wé kọ ọ́ pé fóònù rẹ̀ ti kú. Nígbà tí mo fi í han méjì nínú àwọn òǹkàwé, wọ́n ní ó tún burú sí i. Bí fóònù bá kú ní wákàtí tí a nílò rẹ̀ gan-an, ọwọ́ òǹkọ̀wé ni òǹkàwé ń rí, kò rí fóònù.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìlà wà ní orí 21, ṣùgbọ́n orí 9 ni àrùn náà wà. Mo jókòó, mo kọ gbogbo ilẹ̀kùn tí ọlọ́gbọ́n lè gbà jáde kúrò nínú ọ̀ràn yẹn: kó pe ọlọ́pàá, kó pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ rẹ̀, kó dúró di àárọ̀, kó sá lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a gbọ́dọ̀ tì, ká sì tì í ṣáájú ọjọ́ tó nílò rẹ̀. Ti ọlọ́pàá ti wà ní títì láti orí 9, níbi tí ẹnìkan nínú àgọ́ ti tú àṣírí ibi tó sá pamọ́ sí. Ìdajì gbólóhùn ni òǹkọ̀wé fi sọ ọ́, ìdáhùn sí ìbéèrè mi kẹta sì fi hàn pé àwọn òǹkàwé ti gbàgbé. A sọ ọ́ di ìran odindi, a tún mẹ́nu kàn án ní orí 17. Ìjà tí òun àti ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jà ní orí 20 ti ilẹ̀kùn kejì. Wọ́n fẹ́ kó ẹrù ilé náà jáde kí ilẹ̀ tó mọ́; ìyẹn ti ẹ̀kẹta. Èyí tó kẹ́yìn, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tì í: ìwé àkọsílẹ̀ ògbufọ̀ rẹ̀, tí orúkọ apànìyàn wà nínú rẹ̀, wà nínú ilé yẹn. Kò fẹ́ sá mọ́.

A wá ní kó ṣe ohun ọgbọ́n kan kó tó wọlé. Ó fi lẹ́tà sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, pé bí aago mẹ́ta bá lù tí òun ò dé, kí ó gbé e fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́. Èyí tún wo egbò mìíràn sàn. Tẹ́lẹ̀, ńṣe ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ṣàdédé wa ọkọ̀ kọjá níwájú ilé náà, òǹkàwé mẹ́fà sì fa ìlà. Kòńgẹ́ tó kó ẹ̀dá ìtàn sí wàhálà kì í bí òǹkàwé nínú. Kòńgẹ́ ni obìnrin náà fi gbọ́ ọ̀rọ̀ àṣírí ní ojú ewé 6, kò sì sẹ́ni tó fa ìlà kankan síbẹ̀. Èyí tó yọ ọ́ nínú wàhálà ni wọn kì í gbà. Lẹ́tà náà ló wá ń yọ ọ́ báyìí, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi kọ ọ́.

Ọjọ́ márùn-ún tí ìfẹ́ wọn gbà ni mo rò pé yóò jẹ́ ìṣòro ńlá. Ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò lòdì sí i tó bí àwọn kan ṣe rò. Ní 1974, Donald Dutton àti Arthur Aron, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde láti odò Capilano ní Kánádà. Obìnrin kan fún àwọn ọkùnrin tó kọjá lórí afárá tó so rọ̀, tó ń mì lókè odò, ní nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ náà lórí afárá mìíràn tó dúró gbọn-in. Nínú àwọn 18 tó gba nọ́ńbà lórí afárá tó ń mì, 9 ló pè. Nínú àwọn 16 ti ìkejì, 2 péré ni. Àyà tó ń lù kì-kì-kì nítorí ẹ̀rù lè dà bí àyà tó ń lù nítorí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìfàmọ́ra ni ìyẹn, kò tíì di ìgbẹ́kẹ̀lé, ibẹ̀ gan-an sì ni ìwé náà ti kù díẹ̀ káàtó.

Nínú ìdáhùn sí ìbéèrè kejì, mẹ́rin kò rí nǹkankan kọ yàtọ̀ sí pé "ó dáàbò bò ó." Wọ́n tún tọ́ka sí i pé obìnrin náà ń pe ọkùnrin náà ní "ẹ" ní ojú ewé 63, ó di "o" ní ojú ewé 64, láìsí ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. A sún "o" yẹn síwájú di alẹ́ tó kọ́kọ́ di bọ́tìnnì fún un. Òǹkàwé wa tó jẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ló rí èyí tó jinlẹ̀ jù: bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹlẹ́rìí bá di olólùfẹ́ ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò ọ̀daràn á fi ìyẹn ba ẹ̀rí jẹ́ ní kóòtù. Ìwé náà kò mẹ́nu kàn án rárá. Nínú àtúnṣe, ọkùnrin náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá rẹ̀, wọ́n sì gba ẹjọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà yẹn, kò tún sẹ́ni tó bi mí pé kí ló rí lára rẹ̀. Ìfẹ́ tó ná èèyàn ní nǹkan kì í wá àlàyé.

Ti apànìyàn kò gba àkókò. Àwọn tó fura sí i ṣáájú kò bínú. Àwọn tí kò fura rárá ló ní òǹkọ̀wé rẹ́ àwọn jẹ. Mo ka àmì tó wà nínú ìwé, ẹyọ kan péré ni. A fi méjì kún un, a sì tọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan sáàárín nǹkan mìíràn tí ojú òǹkàwé wà lára rẹ̀.

Fún kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì, òǹkàwé tuntun mẹ́ta ni mo lò, torí àwọn ti àkọ́kọ́ kò lè gbàgbé ohun tí wọ́n ti mọ̀. Ìlà 11 ni wọ́n fà. Bíi mẹ́rin lórí ẹnìkan, nígbà tó jẹ́ bíi mẹ́sàn-án tẹ́lẹ̀. Mẹ́ta nínú rẹ̀ wà lórí ohun tí èmi fúnra mi ní kí wọ́n fi kún un: ìpínrọ̀ mẹ́rin lórí bí àṣírí ṣe jò ní àgọ́ ọlọ́pàá. A gé e di ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́fà. Òǹkàwé kan ṣì fa ìlà sí ọjọ́ márùn-ún, a ò sì yí i padà, torí ìyára ewu ìtàn náà rọ̀ mọ́ ọn.

Dípò bẹ́ẹ̀, òǹkọ̀wé kọ orí kan sí ìparí, oṣù mẹ́rin lẹ́yìn tí ewu ti kọjá. Kò sí ìbọn níbẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sá. Ọwọ́ ọkùnrin náà ti sàn, ó ti lè di bọ́tìnnì fúnra rẹ̀. Ó dì í dé èyí tó kẹ́yìn, ó fi ìyẹn sílẹ̀, ó sì dúró de obìnrin náà. Kò sí ìlà kankan ní etí ojú ewé yẹn.