Ó Jọ Ọ́ Ni, Ẹ Má Sọ Pé Òun Ni: Ìtọ́sọ́nà Fún Ẹ̀yin Tẹ́ Ẹ Ń Gba Ajá Sílé Ní Àbújá àti Òkè Ọya

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ wà ní Kubwa, Nyanya, Lugbe, Kuje, títí dé Kaduna àti Zaria lọ́hùn-ún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin adìyẹ tẹ́ ẹ ń wá ajá tó máa ṣọ́ wọn, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn rí ajá tí olówó ẹ̀ pa tì nígbà tó ń kó kúrò ládùúgbò, tí àánú ẹ̀ ṣe yín tẹ́ ẹ mú un wọlé, ẹ̀yin ni mo kọ èyí sí. Àwa náà la máa ń sọ pé ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àmọ́ tó bá kan ajá a kì í wo ilé kankan, etí àti àwọ̀ la máa ń wò tá a ti máa ní Alsatian ni, Boerboel ni, ekuke lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, tẹ́ ẹ ò bá mọ ìyá àti bàbá ajá kan, ẹ má kọ irú ajá tó jẹ́ sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ fojú rí lára ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.

Mo ti ṣe àṣìṣe yẹn rí, ó sì dùn mí. Wọ́n mú abo ajá kan wá bá wa láti Karu, dúdú ni, ó ní àmì pupa rúsúrúsú lókè ojú méjèèjì àti lẹ́sẹ̀, mo wò ó lẹ́ẹ̀kan péré mo kọ Rottweiler, ajá ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù, sí káàdì ẹ̀, ìyẹn ìwé tá a máa ń kọ ohun tá a mọ̀ nípa ajá sí. Oṣù mẹ́rin gbáko kò sẹ́ni tó mú un. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, láńdìlọ́ọ̀dù ò gbà, tí láńdìlọ́ọ̀dù bá gbà, ìyàwó á ní àwọn ọmọ kéékèèké wà nílé, bẹ́ẹ̀ ajá yìí tẹ́ ẹ bá jókòó báyìí á wá fi àgbọ̀n lé yín lórúnkún ni. Ọjọ́ tá a gbé e sórí ìwọ̀n, kílò 17 ló jẹ́, ajá àgbà ni o, eyín ẹ̀ ti pé, bẹ́ẹ̀ abo Rottweiler tó ti dàgbà kì í sábà dín ní kílò 35. Mo ya káàdì yẹn. Mo kọ òmíràn: abo, dúdú, kílò 17, bí ọmọ ọdún méjì, ó fẹ́ràn àtijókòó ti èèyàn, kì í lé adìyẹ. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí bàbá kan tó ń sin adìyẹ ẹlẹ́yin ní Kuje fi pè mí.

“Ọmọ mi, ṣé lóòótọ́ ni pé kì í lé adìyẹ?”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ kúkú wá fojú ara yín rí i.”

Wọ́n wá, wọ́n gbé àkùkọ kan dání nínú agbọ̀n, a fokùn mú ajá náà sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn ẹ̀, ó yíjú sẹ́yìn, ó lọ dùbúlẹ̀. Wọ́n mú un lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ má rò pé torí pé a ò kàwé tó ni. Ní Florida ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ 16 ní ibùdó mẹ́rin tí wọ́n ti ń gba ajá sílé wo ajá 120 tó wà lọ́dọ̀ wọn kí wọ́n sọ irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́, dókítà ẹranko wà nínú wọn o. Ajá 62 ni ó kéré tán ẹnì kan pè ní irú pitbull, ajá tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bẹ̀rù, nígbà tí èsì DNA, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń fi ìran ajá hàn, fi máa jáde, 25 péré ló ní ìran pitbull lára. Nínú àwọn tó sì ní in gan-an, ìkan nínú márùn-ún ni kò sẹ́ni kankan tó dá a mọ̀. Ọdún 2015 ni wọ́n tẹ ìwádìí yẹn jáde. Ní 2018 wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí ajá tó lé ní 900 ní Arizona àti California, irú ajá 125 ni wọ́n bá lára wọn, àwọn tí ìran wọn jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ohun tó fà á ni pé jíìnì ajá, ìyẹn ohun tó ń jogún lára ìyá àti bàbá ẹ̀ tó ń pinnu bó ṣe máa rí, tó nǹkan bí 20,000, àmọ́ mẹ́ta péré ló ń pinnu ọ̀pọ̀ jù lọ bí irun ajá ṣe máa rí, bóyá á gùn, á ká, tàbí á hu irùngbọ̀n. Tí ajá bá ti dàpọ̀ díẹ̀, ojú ẹ̀ ò lè ròyìn gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ mọ́. Nígbà kan ní Bar Harbor, ní Maine, wọ́n mú Basenji, ajá ilẹ̀ Congo, wọ́n jẹ́ kó bá Cocker Spaniel bímọ, nígbà tó fi máa kan ọmọ-ọmọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò jọ èyí kò jọ tọ̀hún. Tí Basenji gan-an bá sì ń rìn kiri ní Nyanya lónìí pẹ̀lú ìrù ẹ̀ tó ká sẹ́yìn yẹn, ekuke la máa pè é.

Ti ìwà ńkọ́? Nínú ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2022, tí wọ́n bi àwọn tó ni ajá tó lé ní 18,000 léèrè ìwà ajá wọn, irú ajá kò ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún lára ohun tó mú ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Torí náà ẹni tó ní Boerboel ni, á ṣọ́lé, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra ọmọ ajá, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níbí. Ọmọ ajá ọlọ́sẹ̀ mẹ́fà tó bá ti nírun púpọ̀, Caucasian, ajá òyìnbó ńlá onírun yẹn, ni ẹni tó ń tà á máa pè é. Etí Alsatian gan-an kì í tíì nà nígbà yẹn, òmíràn á tó oṣù mẹ́rin tàbí mẹ́fà kó tó dúró, torí náà etí ò lè jẹ́rìí fún yín. Ẹ ní kí wọ́n mú yín lọ síbi tí ìyá ẹ̀ wà, kẹ́ ẹ rí i tó ń fún wọn lọ́mú. Tí wọ́n bá ní ìyá ò sí nítòsí, owó ajá lásán ni kẹ́ ẹ san.

Ibi tó ń kó mi láyà sókè jù ni ti dìgbòlugi. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé ekuke ò nílò abẹ́rẹ́, ara ẹ̀ le, ajá òyìnbó ló ń gbabẹ́rẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, irọ́ ni! Dìgbòlugi ò mọ ekuke yàtọ̀ sí Alsatian, ara ajá sì ni nǹkan bí 99 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn èèyàn tó ń kó o ti ń kó o. Tí ajá bá ti pé oṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ àjẹsára, kẹ́ ẹ máa tún un ṣe bí dókítà bá ṣe ní, lọ́dọọdún ló sábà máa ń jẹ́. Tí ajá bá gé èèyàn jẹ, irú ajá yòówù, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, ẹ má bu epo tàbí àgúnmu sí i, kẹ́ ẹ sì gbé onítọ̀hún lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má pa ajá náà, ẹ tì í mọ́ ibì kan kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá.

Ó wá kan káàdì. Ẹ kọ́kọ́ kọ ọjọ́ àti ibi tẹ́ ẹ ti rí i, bóyá akọ ni àbí abo. Eyín lẹ máa fi mọ ọjọ́ orí ẹ̀: ẹ rọra gbé ètè ẹ̀ sókè, tí eyín bá kéré tó ṣóńṣó bí ẹnu abẹ́rẹ́, eyín ọmú ni, 28 ni gbogbo ẹ̀, láti nǹkan bí oṣù mẹ́rin ló máa bẹ̀rẹ̀ sí yọ dànù, tó bá fi máa pé oṣù méje ti àgbà á ti hù tán, 42 nìyẹn. Tí ìwọ̀n ajá ò bá sí, ẹ gbé e mọ́ra dúró lórí ìwọ̀n tèèyàn, kẹ́ ẹ wá yọ kílò tiyín kúrò. Ẹ kọ àwọ̀, irun, àpá tó bá wà lára. Fótò, ẹ bẹ̀rẹ̀ kí fóònù bá ajá dọ́gba, láti ẹ̀gbẹ́, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, torí fótò tí wọ́n yà láti òkè máa ń jẹ́ kí orí ẹ̀ tóbi.

Ìwà ẹ̀, ẹ má kánjú kọ ọ́. Ọjọ́ méjì mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀rù ló ń ba ọ̀pọ̀ wọn, èyí tó ń gbó lónìí lè jẹ́ onísùúrù lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ wo bó ṣe ń ṣe sí ọmọdé, sí ewúrẹ́, sí àlejò lẹ́nu géètì, nígbà tẹ́ ẹ bá gbé oúnjẹ ẹ̀. Tẹ́nì kan bá wá fẹ́ dandan kẹ́ ẹ dárúkọ irú ajá, ẹ ní ó jọ báyìí. Ẹ má sọ pé ó jẹ́.

Ẹ mú káàdì náà dání tẹ́ ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ì báà jẹ́ ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì ní Gwagwalada tàbí ti Ahmadu Bello ní Zaria, kí wọ́n kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ sí i. Lọ́jọ́ tí ẹni tó fẹ́ ẹ bá sì dé, ajá àti káàdì ni kẹ́ ẹ jọ kó lé e lọ́wọ́, kí dókítà tó máa gún un lọ́dún tó ń bọ̀ lè rí iye kílò tó jẹ́ tẹ́lẹ̀.