Bí A Ṣe Ń Ṣe Àlejò Ẹyẹ ní Brisbane

Brisbane ni olú ìlú ìpínlẹ̀ Queensland, ní ìlà oòrùn Ọsirélíà. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ ń pè é ní Meanjin, àwọn tó kù ń pè é ní Brissie. Igi pọ̀ níbẹ̀ débi pé ẹ óò rò pé inú igbó ni wọ́n kọ́ ìlú sí, tí wọn ò sì fún àwọn ẹran inú igbó ní ìwé pé kí wọ́n kó jáde. Ẹyẹ ò kó lọ, àdán ò kó lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá ń múra ìrìn àjò, ẹ má rò pé ọ̀dọ̀ òyìnbó lẹ ń lọ. Ọ̀dọ̀ ẹyẹ ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ mú oṣù. Láti oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, ooru ibẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Èkó, àfi pé bó bá di ìrọ̀lẹ́, àrá lè ṣàdédé sán kí yìnyín sì máa já lu òrùlé ọkọ̀. Oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń pè ní ìgbà òtútù. Ẹ̀rín á pa yín. Oòrùn á ràn, ojú ọ̀run á mọ́ kedere, ìwọ̀n ooru ọ̀sán á tó 21, àwọn ará ìlú á sì ti fi ìborùn wé ọrùn. Ẹni tó bá ti fi omi kànga wẹ̀ láàárọ̀ ọyẹ́ rí kò ní bá wọn gbọ̀n.

Oṣù Kẹwàá lèmi fara mọ́, nítorí òdòdó jakarándà tó máa ń sọ gbogbo àdúgbò di elésè àlùkò. Gúúsù Amẹ́ríkà ni igi náà ti wá. Walter Hill, tó ń bójú tó ọgbà ewéko ìlú náà, ló gbin ọ̀kan síbẹ̀ ní 1864. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Queensland gbà pé ẹni tí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kí òdòdó yìí tó yọ, ìdánwò rẹ̀ ti bọ́. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, ilẹ̀ ti di àlùkò, àwọn ọ̀dọ́ kan sì ń sùn fọnfọn lórí rẹ̀. Ìwé ni wọ́n fi ṣe ìrọ̀rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ jẹ́wọ́ èlùbọ́ yín. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ní láti gba físà kó tó gbéra; orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa tọrọ rẹ̀. Pápákọ̀ òfuurufú niṣẹ́ wà. Ọsirélíà ò fi kòkòrò àti àrùn ohun ọ̀gbìn ṣeré rárá. Wọ́n á béèrè bóyá ẹ gbé oúnjẹ, irúgbìn, igi tàbí ẹran dání. Ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí ẹ bá jẹ́wọ́, wọ́n lè gba nǹkan náà, ọ̀rọ̀ tán. Bí ẹ bá fi pamọ́ tí ajá wọn gbóòórùn rẹ̀, owó ìtanràn á ju owó pọ̀ǹmọ́ lọ fíìfíì. Ẹrẹ̀ abẹ́ bàtà pàápàá ò bọ́ lọ́wọ́ wọn. Mo ṣàlàyé èlùbọ́ fún òṣìṣẹ́ kan: iṣu ni, a bọ̀ ọ́, a sá a, a lọ̀ ọ́. Ó ní kí ló dé tí kò wá funfun bí iṣu. Mo ní ìtàn yẹn gùn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ má bá wọn wá bàtà. Ẹ óò rí bàbá olóòótọ́ kan tó ń yan nínú súpámákẹ́ẹ̀tì láìwọ bàtà. Olè ò jà á, àṣà ibẹ̀ ni. Sílípáàsì tí àwa ń wọ̀ lọ sí balùwẹ̀ ni bàtà òde wọn. "Thongs" lorúkọ tí wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ pátá lorúkọ yẹn ń jẹ́ níbòmíràn, nítorí náà ẹ má ṣe bínú bí onílé bá ní kẹ́ ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọ́n bá sì bi yín pé "How ya going?", ẹ má dáhùn pé bọ́ọ̀sì lẹ máa wọ̀. Wọ́n ń kí yín ni.

Ẹ má bá wọn fa ọ̀rọ̀ aago o. Sydney àti Melbourne máa ń ti aago síwájú ní wákàtí kan nígbà ooru, kí ilẹ̀ má baà tètè ṣú. Queensland dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà ní 1992, wọ́n ní àwọn ò ṣe. Àwàdà tó ti pẹ́ níbẹ̀ ni pé oòrùn wákàtí kan tó lé yẹn á jẹ́ kí aṣọ fèrèsé tètè ṣá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ wọkọ̀ ojú omi. Láti oṣù Kẹjọ 2024, sẹ́ǹtì 50 péré ni owó ọkọ̀, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀sì, reluwé tàbí ọkọ̀ ojú omi CityCat. Reluwé pápákọ̀ nìkan ni kò sí nínú ẹ̀. Ẹ jókòó síwájú CityCat, kí ẹ gba abẹ́ afárá Story Bridge kọjá. Omi odò náà pọ́n bíi gbẹ̀gìrì, ẹja ekurá (shark) sì wà níbẹ̀. Ẹ kó ọwọ́ yín sínú ọkọ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kí àwọn onílé. Ibis ló máa kọ́kọ́ wá, ẹyẹ tí gbogbo ìlú mọ̀ sí adìyẹ ààtàn. Ó funfun, bí kò bá tíì wọ inú ìdọ̀tí. Orí rẹ̀ pá, ó dúdú, àgógó ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bíi dòjé. Àbàtà ni ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀dá lé e wọ ìlú, ó sì rí i pé garawa ìdọ̀tí sàn ju àbàtà lọ.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni tòlótòló igbó. Akọ rẹ̀ á ha gbogbo ewé inú ọgbà, títí kan èyí tí onílé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn lánàá, á kó o jọ di òkìtì ńlá. Abo á yé ẹyin síbẹ̀, á bá tirẹ̀ lọ. Ewé tó ń jẹrà ló ń mú ooru wá. Akọ á máa ti ẹnu bọ̀ ọ́ wò, bó bá gbóná jù á ha díẹ̀ kúrò, bó bá tutù á kó sí i, kó má baà kúrò ní nǹkan bí 33 sí 35. Ọmọ tó bá bọ́ nínú ẹyin á hú ara rẹ̀ jáde, kò ní bá ìyá, bàbá ò sì ní kí i káàbọ̀. Kò sí ìsọmọlórúkọ. Òfin sì ń dáàbò bo ẹyẹ náà, nítorí náà bó ti wù kó ba ẹ̀fọ́ jẹ́ tó, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fi ṣọdún Kérésìmesì.

Ẹyẹ magpie ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Ó dúdú, ó funfun, bí aṣọ lọ́yà. Láti nǹkan bí oṣù Kẹjọ títí wọ oṣù Kẹwàá (bẹ́ẹ̀ ni, oṣù tí mo yìn lókè), akọ á máa ṣọ́ ìtẹ́, á sì já lu orí ẹni tó bá ń kọjá látẹ̀yìn, pàápàá oníkẹ̀kẹ́. Ó máa ń dá ojú ènìyàn mọ̀, ìjà ọdún yìí lè di ti ẹ̀ẹ̀mí-ìn. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń so okùn oníke mọ́ àṣíborí wọn, tí wọ́n fi ń rí bí òòrẹ̀. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ kọjú sí i. Fìlà abetí ajá ò dá a dúró. Mo ti dán an wò.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ wo koala, ẹran onírun tó ń gbé orí igi, ẹ má jí i. Lone Pine, ọgbà ẹranko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1927, ni kẹ́ ẹ lọ. Tẹ́lẹ̀, ẹ lè gbé koala mọ́ra ya fọ́tò níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fòpin sí i ní 2024. Ó lè sùn tó wákàtí 20 lójúmọ́, torí ewé yukalípítọ́ọ̀sì tó ń jẹ ò fún un lágbára. Ọmọ tó bá sùn báyẹn nílé wa, wọ́n á ti gbé e lọ síbi àdúrà.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ lọ sí etíkun tí kò ní òkun. Òkun jìnnà sí àárín ìlú, ni wọ́n bá kó yanrìn sí South Bank, lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ìpàtẹ Expo 88, wọ́n sì ṣí etíkun tiwọn ní 1992. Ọ̀fẹ́ ni. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti lúwẹ̀ẹ́, kì í ṣe inú odò gbẹ̀gìrì yẹn.

Bí ilẹ̀ bá ń ṣú, ẹ gbójú sókè. Àdán ńlá á ya kọjá lórí àwọn ilé gíga, ọ̀wọ́ lé ọ̀wọ́. Látàárọ̀ ni wọ́n ti dorí kodò tí wọ́n ń wo ìṣe ẹyẹ. Wọ́n ti wò ó tán, oúnjẹ ló kù. Bí ọ̀kan bá já bọ́, ẹ má fọwọ́ kàn án, torí àrùn. Ẹ sì lè ya fọ́tò wọn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bíi tèmi, tí mo gbé páì ẹran mi sórí ìjókòó kí n lè fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù mú. Nígbà tí n óò fi wẹ̀yìn, adìyẹ ààtàn mẹ́ta ti ń pín in.