Bí A Ṣe Ń Gbé Bàálù Dìde Lóru Láìjẹ́ Kí Ara Tàn Wá Jẹ

Lọ́sàn-án, ẹni tó ń wa bàálù ń rí ibi tí ilẹ̀ àti ojú ọ̀run ti pàdé, ó sì fi ń mọ̀ bóyá apá bàálù dọ́gba. Lóru, bó bá jẹ́ òkun tàbí igbó ló wà níwájú, tí iná pápákọ̀ òfuurufú bá ti wà lẹ́yìn, òkùnkùn biribiri ló kù. Ibẹ̀ ni ara ti ń parọ́.

Àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ bí òkúta wà nínú etí wa lọ́hùn-ún tó ń sọ fún wa bóyá orí tẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn. Bí bàálù bá ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn, ọpọlọ á sì kà á sí pé imú bàálù ti ga jù. Awakọ̀ á tẹ imú náà wálẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni eré ń pọ̀ sí i, tí irọ́ náà ń lágbára sí i, ilẹ̀ ò sì jìnnà rárá.

Kí ẹ tó gbéra ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ dín iná inú yàrá awakọ̀ kù, torí ojú ń gbà tó 30 ìṣẹ́jú kó tó mọ òkùnkùn lára dáadáa. Bí ẹ ti ń wa bàálù lọ nílẹ̀, ẹ yẹ àwọn aago tó ń fi bí bàálù ṣe ń rìn hàn wò. Tí ẹ bá yà, aago ìdojúkọ, èyí tó ń fi ibi tí imú bàálù kọjú sí hàn, gbọ́dọ̀ yí tẹ̀ lé yín, ṣùgbọ́n aago ipò, èyí tó ń fi bí imú àti apá ṣe rí hàn, gbọ́dọ̀ dúró gbọnin. Tí nọ́ńbà ojú ọ̀nà ìgbéra bá jẹ́ 09, aago ìdojúkọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí 90 dígírì. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ padà. Ẹ ti to rédíò àti ìwé yín tán pẹ̀lú. Ẹni tó bá tẹrí ba wá nǹkan nígbà tí bàálù ń yà, òòyì lè kọ́ ọ.

Bí imú ṣe ń gbé sókè, kí ojú yín ti wà lórí aago ipò kí iná ilẹ̀ tó parẹ́. Ẹ gbé imú dé ìwọ̀n tí ìwé bàálù yín sọ, kí ẹ sì dì í mú síbẹ̀, ohun yòówù kí ara máa sọ. Kí aago gíga àti aago ìgòkè jọ jẹ́rìí pé ẹ ń gòkè kí ẹ tó ká ẹsẹ̀ bàálù sókè. Èmi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti yà kó tó kọjá 400 ẹsẹ̀ bàtà.

Ẹ má gba aago kan ṣoṣo gbọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1978, aago ipò ọ̀gá awakọ̀ Air India 855 bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gbéra ní Bombay. Ó tẹ̀ lé e, bàálù dojú dé sínú òkun, èèyàn 213 kú. Aago mìíràn wà níwájú wọn tó ń sọ òótọ́.

Tí ẹ bá ní kí autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, gbà á, ẹ wò ó bóyá ó gbà á lóòótọ́. Ní oṣù karùn-ún 2007, Kenya Airways 507 gbéra ní Douala lóru, ọ̀gá awakọ̀ ní kí wọ́n tan autopilot, kò sẹ́ni tó tàn án. Apá ọ̀tún ń rọra tẹ̀ lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ tí etí ò fi lè mọ̀ ọ́n. Èèyàn 114 ló bá a lọ.

Tí ara bá ń sọ ohun tó yàtọ̀ sí ti aago, ẹ sọ ọ́ jáde kíá, kí ẹ gbé bàálù fún ẹnìkejì bí ojú tirẹ̀ bá já gaara. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan, ẹ jẹ́ kí orí yín dúró sójú kan, ẹ fi aago ipò tún apá ṣe kó dọ́gba, lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé imú sókè.